Ọjọ́rú, Agogo Mẹ́ta Òru

Nǹkan mẹ́ta ni Verlin ọkọ mi fi sílẹ̀ fún mi:
ọkọ̀ akẹ́rù tí kì í fẹ́ jí nígbà òtútù,
gbèsè ilé ìwòsàn,
àti ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù kan tí kò sí níbì kankan láyé,
tó sì wà ní ìsàlẹ̀ pátápátá nínú méjìlá.
Ọjọ́ Àìkú ló kú.
Ẹ má bi mí bí orúkọ ọjọ́ ṣe ń parọ́.

Àwọn ọkùnrin ilé iṣẹ́ táyà ní, "Arvella, fi í sílẹ̀,
a ó dá owó rẹ̀ padà fún ọ."
Mo ní rárá o. Ogún dọ́là ni.
Ẹ jẹ́ kí n fọwọ́ ara mi fi ṣòfò.

Inú fóònù ni líìgì wa wà.
A ń yan agbábọ́ọ̀lù gidi, ohun tí wọ́n bá ṣe lórí pápá
a sì di máàkì fún wa.
Wọ́n ti kó àwọn olókìkí lọ láti oṣù kẹjọ.
Àjẹkù ló ṣẹ́ kù:
àwọn tí ẹnì kankan kò mú, àwọn tí wọ́n mú tí wọ́n tún sọ nù,
orúkọ lórí orúkọ,
bí ẹsẹ̀ bàtà kọ̀ọ̀kan nínú àpótí tí èkejì rẹ̀ ti sọ nù.

Bọ́ọ̀sì ọmọ iléèwé ni mo ń tún ṣe, ní Ashtabula.
Ọdún mẹ́tàlélógún ni mo ti ń fetí sí ẹ́ńjìnnì.
Èyí tó ń pariwo kọ́ ló lágbára.
Nítorí náà, n kò wo ẹni tó gbé bọ́ọ̀lù wọlé tó wá ń jó.
Iye ìgbà tí wọ́n jù ú sí ènìyàn ni mo ń kà,
ó mú un ni, ó bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ ni.
Mo ń ka iye ìgbà tó sáré dé etí pápá, tó nawọ́,
tí ẹni tó ń ju bọ́ọ̀lù kò tilẹ̀ bojú wo apá ibẹ̀.

Báyìí ni mo ṣe rí Desmar Ottley.
Kò ní fọ́tò; òjìji orí aláwọ̀ eérú ni wọ́n fi dípò rẹ̀.
Ẹgbẹ́ mẹ́ta ti lé e.
Lọ́sẹ̀ kẹrin, wọ́n jù ú sí i lẹ́ẹ̀mejì.
Lọ́sẹ̀ karùn-ún, lẹ́ẹ̀marùn-ún.
Lọ́sẹ̀ kẹfà, ẹ̀ẹ̀mẹsàn-án, ó mú mẹ́ta péré,
wọ́n fi í ṣe yẹ̀yẹ́ títí ilẹ̀ fi ṣú.
Ẹ̀ẹ̀mẹsàn-án!
Mo dìde dúró láàárín ilé ìdáná.
Ta ní í kan ilẹ̀kùn lẹ́ẹ̀mẹsàn-án
nílé tí kò wù ú?

Alẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni a ń kọ iye tí a fẹ́ rà wọ́n, owó eré.
Mo kọ dọ́là mọ́kànlá. Mo pa á rẹ́.
Mo kọ méjìlá,
nítorí mọ́kànlá ni Gus Prpich máa ń kọ sí ohun gbogbo,
ọjọ́ ìbí ìyàwó rẹ̀ ni.
Verlin ló sọ ọ́ fún mi lórí ibùsùn, ó ń rẹ́rìn-ín.

Agogo mẹ́ta òru. Ọkọ̀ tó ń kó yìnyín kọjá lójú títì.
Fóònù tàn: Ottley ti di tèmi.
Gus kọ mọ́kànlá.
Mo yí sí apá ibi tó máa ń sùn, kí n lè sọ fún un.

Nígbà tí ọjọ́ Àìkú dé, àyà mi já.
Ẹni àná, ààyò Verlin, ni mo gbé wọ pápá.
Mo fi Ottley jókòó.
Ó mú bọ́ọ̀lù mẹ́wàá. Ó gbé méjì wọlé.
Máàkì mọ́kànlélọ́gbọ̀n, lórí bẹ́ǹṣì mi,
níbi tí ẹnì kankan kì í ti í ka nǹkan kan.
Máàkì mẹ́rin ni wọ́n fi nà mí.

Mo rẹ́rìn-ín títí ajá aládùúgbò fi gbó.
Mo ṣáà ti rí i. Mo rí i kí ẹnikẹ́ni tó rí i.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, bọ́ọ̀sì kẹrìnlá ń kọ́ bí arúgbó.
Wọ́n ní ká gbé e jù.
Mo ṣí iwájú rẹ̀, mo tẹ orí mọ́ ọn.